Ìtọ́sọ́nà fún kíkọ́ ilé tí oyin, labalábá àti irè oko yóò jọ jàǹfààní rẹ̀

Nínú àwọn oríṣi irúgbìn pàtàkì tí aráyé ń jẹ, nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ló nílò kòkòrò, ẹyẹ tàbí àdán tí yóò máa gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti orí òdòdó kan dé òmíràn kí wọ́n tó lè so dáadáa. Bí àwọn agbélẹ́búlẹ́bú yìí bá dín kù, elégédé á tanná rẹpẹtẹ, àmọ́ èso rẹ̀ ò ní tó nǹkan. Òmíràn á wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òmíràn á rẹ̀ dànù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé ilé tí a kọ́ sẹ́bàá oko ló lé wọn lọ. Sìmẹ́ńtì ti bo ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ihò sí, iná tó ń tàn mọ́jú ti da àwọn tó ń fò lóru láàmú, wọ́n sì ti gé àwọn ewéko tó ń tanná kí àyíká lè mọ́ tónítóní.

Ilé tó wà létí oko, apá kan oko náà ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ayàwòrán ilé, bíríkìlà àti àgbẹ̀ jọ fi sọ́kàn nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kankan sórí ìwé. Bí a bá ní ká kọ́lé fún kòkòrò, àpótí kékeré tí wọ́n kó ọparun sí, tí wọ́n wá gbé kọ́ ara ògiri, ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Àpótí yẹn wúlò, a ó sì débẹ̀, àmọ́ ó kéré sí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Oríṣi oyin tó wà láyé ju 20,000 lọ. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn kì í kóra jọ sínú afárá, wọn kì í sì í ṣe oyin tí èèyàn ń lá. Abo kọ̀ọ̀kan ló ń wá ihò tirẹ̀. Nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 wọn ló sì ń gbé inú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ rin ilẹ̀ náà yíká kí ẹ tó ya àwòrán

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ oṣù méjèèjìlá sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó ń tanná lórí ilẹ̀ náà àti ní àyíká rẹ̀ sí iwájú oṣù kọ̀ọ̀kan: irè oko, igi eléso, igi tí a fi sọgbà, títí kan àwọn ewéko tí a máa ń pè ní èpò. Oṣù tí iwájú rẹ̀ bá ṣófo ni kí ẹ fàlà sí nídìí. Oko tí gbogbo irè rẹ̀ tanná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò sì sí òdòdó kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ebi ni yóò máa pa oyin ibẹ̀ ní ìyókù ọdún. Nígbà tí òdòdó bá fi máa tún dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti kú tán. Àwọn oṣù tó ṣófo yìí ni a óò fi òrùlé, ọgbà àti etí ọ̀nà dí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí oòrùn àárọ̀ ń bà, kí ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ihò tí ẹ̀ ń wá lè má tóbi ju ìdí bírò lọ. Erùpẹ̀ kúnná tí wọ́n wú jáde máa ń ga díẹ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ihò èèrà ni. Ẹ ní sùúrù. Bó bá jẹ́ ti oyin, ẹ ó rí i tí oyin kékeré kan á dé, tí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè ti bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì, á yí po lẹ́ẹ̀kan lókè ihò náà, á sì wọlé ṣọọrọ. Ẹ kan èèkàn síbẹ̀, ẹ ta okùn yí i ká. Ilé kò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó búlọ́ọ̀kù kò sì gbọ́dọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún igi tó ti gbẹ lápá kan, bí kò bá ti lè wó lu èèyàn: inú ihò tí àwọn kòkòrò mìíràn ti jẹ sínú irú igi bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oyin tí kì í gbẹ́lẹ̀ ń tọ́ ọmọ wọn sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ibi tí ilé yóò dúró sí

Oyin inú àgọ́, ìyẹn àpótí tí èèyàn ń sin oyin sí, lè fò lọ sí ibi tó jìn tó kìlómítà mélòó kan kó tó rí oúnjẹ. Àwọn oyin kéékèèké tó ń dá gbé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan ni agbára wọn mọ. Nítorí náà, ilé ìgbé wọn àti oúnjẹ wọn gbọ́dọ̀ súnmọ́ra. Bí ẹ bá fi ilé gígùn kan àti ibi ìgbọ́kọ̀sí tí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ sáàárín ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé àti oko, ẹ ti já ọ̀nà wọn nìyẹn. Ẹ kó gbogbo ohun tó nílò sìmẹ́ńtì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ̀gbẹ́ kejì lè wà ní ṣíṣí láti ẹ̀yìn ilé títí dé inú oko.

Ọ̀rọ̀ òjìji ló kàn. Tòmátò, ata àti kùkúńbà ń fẹ́ oòrùn tààrà fún bíi wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́. Ọ̀nà tó rọrùn tí ẹ lè fi mọ ibi tí òjìji ilé yóò dé rèé: ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ ní òró, kí èyí tó yọ sókè jẹ́ mítà 1 gééré. Ẹ wọn òjìji rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọ̀sán gangan àti ní aago mẹ́ta, kí ẹ wá fi gíga ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Bí òjìji igi náà bá jẹ́ mítà 1.7, ilé tó ga ní mítà 6 yóò ju òjìji tó lé díẹ̀ ní mítà 10. Ẹ tún un wọ̀n ní ìgbà mìíràn nínú ọdún, torí oòrùn kì í gba ojú kan náà láti oṣù dé oṣù. Ibi tí òjìji bá pọ̀ sí ni kí ẹ fi yàrá ìkẹ́rùsí, ilé ìyàgbẹ́ àti ibi tí ajílẹ̀ yóò ti máa jẹrà sí.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ha erùpẹ̀ òkè, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kúrò níbi tí ilé yóò bò, kí wọ́n kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ni yóò padà wá di ebè ẹ̀fọ́. Bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ ó fi máa wá ọ̀rá ilẹ̀ yẹn kiri.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ilẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn àti ilẹ̀ tí a mọ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù, nítorí òun ló rọrùn jù, òun ló sì ń mú èrè wá jù, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń gbójú fò.

Bí ilẹ̀ yín kò bá ní ibi tó ṣí sílẹ̀, ẹ mọ òkìtì kan. Ẹ lo erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti inú ìpìlẹ̀, kí ẹ po yanrìn mọ́ ọn bó bá jẹ́ amọ̀ tó le jù. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i. Bí kò ṣe lọ́ràá yìí gan-an ni kò ní jẹ́ kí koríko tètè bò ó. Gíga rẹ̀ lè jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 50, kí ojú tó dà kọ oòrùn àárọ̀ da gẹ̀rẹ́, kí òjò lè máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tàbí pákó tẹ̀ ẹ́ kó lè di ara rẹ̀ mú, kí ẹ fi òkúta díẹ̀ gbá ìdí rẹ̀ ró. Ẹ jẹ́ kó jìnnà díẹ̀ sí ìpìlẹ̀ ilé. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ nítorí èpò, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà nípọn, ewé gbígbẹ tí wọ́n bo gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo wọn ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ oyin abẹ́lẹ̀. Ẹ lò wọ́n lórí ebè, ẹ má lò wọ́n lórí òkìtì.

Síbẹ̀, kì í ṣe oyin nìkan ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Kòkó kò gbẹ́kẹ̀ lé oyin rárá. Kantíkantí tó kéré jọjọ ló ń wọ inú òdòdó rẹ̀, inú ewé tó ń jẹrà, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà àti èèpo kòkó tó tutù ni àwọn kantíkantí náà sì ń yé sí. Oko kòkó tí wọ́n gbá mọ́ fínnífínní ti lé àwọn tó ń bá a so èso. Ọ̀pẹ náà ní tirẹ̀: lọ́dún 1981, wọ́n gbé kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Elaeidobius kamerunicus láti Kamẹrúùnù lọ sí Malaysia. Kó tó débẹ̀, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ oko fi ń da lẹ́búlẹ́bú sórí òdòdó ọ̀pẹ. Òdòdó akọ tó ti ń gbẹ lórí ọ̀pẹ ni kòkòrò náà ti ń bímọ. Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ máa palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láyìíká ilé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún irè tí ẹ gbìn, àti ibi tó ń gbé. Nínú àwòrán ilé, ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, kí ẹ ya òmíràn, níbi tí òjìji wà, sọ́tọ̀ fún ewé tó ń jẹrà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ògiri

Àwọn oyin tí kì í gbẹ́lẹ̀ ń fẹ́ ihò tó fẹ̀ tó mílímítà 3 sí 10, nítorí títóbi wọn kò dọ́gba. Kí ihò náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyin tí yóò di abo ni ìyá oyin ń kọ́kọ́ yé sí ìsàlẹ̀ ihò, á wá yé èyí tí yóò di akọ sí iwájú. Bí ihò bá kúrú, akọ ni yóò pọ̀ jù, àwọn abo tí yóò kọ́ ilé lọ́dún tó ń bọ̀ á sì dín kù. Kí ẹ̀yìn ihò dí pa, kí inú rẹ̀ dán, torí ègé igi tó yọ ṣónṣó lè fa ìyẹ́ wọn ya. Ẹ gbé e síbi tó ga tó mítà 1 sí 2, kó kọjú sí oòrùn àárọ̀, kí etí òrùlé sì bò ó.

Ní ìlú Brighton lórílẹ̀-èdè England, láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń béèrè pé kí ilé tuntun tó ga ju mítà 5 lọ ní bíríkì oníhò tí oyin lè gbé. Inú mi dùn sí irú òfin bẹ́ẹ̀, àmọ́ bíríkì tí a ti kọ́ mọ́ ògiri kò ṣeé tú wò, bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò tíntìntín àti àrùn máa ń pọ̀ sínú ihò tí wọ́n lò léraléra. Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí bíríkìlà fi àlàfo onígun mẹ́rin sílẹ̀ nínú ògiri, kí káfíńtà wá kan àpótí tó wọ ibẹ̀ rẹ́gí, tó ṣeé fà yọ. Inú àpótí náà ni kí ẹ to ọparun tàbí igi tí a dáhò sí. Àṣà fífi àlàfo sílẹ̀ nínú ògiri fún oyin kì í ṣe tuntun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ògiri àtijọ́ ló ní ihò ńlá tí wọ́n ń gbé agbọ̀n oyin sí kí òjò má bàa pa á.

Ògiri amọ̀ tí wọn kò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ wúlò gan-an fún àwọn oyin tó ń gbẹ́ ògiri. Bí ilé bá jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù, ẹ lè mọ ògiri amọ̀ kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ọgbà, kí ẹ fi òrùlé ṣe ìbòrí fún un. Òun náà kì í ru ẹrù ilé, nítorí náà bí wọ́n bá tilẹ̀ dá a lu jálajàla, kò séwu.

Ọ̀rọ̀ oyin ńlá dúdú tó ń gbẹ́ igi òrùlé máa ń bí onílé nínú. Kí ẹ tó lé e, ẹ rántí pé òdòdó tòmátò àti ti ìgbá kì í tú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Àfi kí oyin dì í mú, kó sì gbọ̀n ara rẹ̀ kíkankíkan. Oyin inú àgọ́ kì í ṣe é. Àwọn oyin ńlá yìí àti bumblebee, ìyẹn oyin ńlá onírun, wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ kun ọ̀dà sí igi òrùlé, kí ẹ wá gbé ìtì igi gbígbẹ tó rọ̀ díẹ̀, tí wọn kò fi oògùn kankan sí, sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà fún wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Òrùlé àti omi

Kí ẹnikẹ́ni tó da erùpẹ̀ sórí dẹ́kìn, ẹ pe ẹnjiníà. Erùpẹ̀ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, bí òjò bá ti rin ín gbingbin, lè wọn kílógíráàmù 100 sí 150 lórí mítà kan níbùú lóròó. Kì í ṣe gbogbo òrùlé ló lè ru ìyẹn. Bí ẹnjiníà bá ti gbà, bí a ṣe ń tò ó láti ìsàlẹ̀ ni: ohun tí kì í jẹ́ kí omi jò, ohun tí kì í jẹ́ kí gbòǹgbò gún un, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ohun mìíràn tí omi yóò gbà ṣàn lọ, aṣọ tí yóò sẹ́ erùpẹ̀, kí erùpẹ̀ fúnra rẹ̀ tó wá wà lókè.

Ìlú Basel ní Switzerland ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 2002 pé kí òrùlé pẹrẹsẹ tuntun ní ewéko lórí. Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù níbẹ̀ ni pé kí erùpẹ̀ má dọ́gba: ibì kan nípọn, ibì kan fẹ́lẹ́, yanrìn lápá kan, igi gbígbẹ àti òkúta lápá kejì. Òrùlé tó rí jákujàku bẹ́ẹ̀ ń gba oríṣi ẹ̀dá púpọ̀ ju èyí tí wọ́n tẹ́ bí ẹní lọ. Kò sì dìgbà tó bá tóbi. Ní Utrecht, lórílẹ̀-èdè Netherlands, orí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì tó lé ní 300 ni wọ́n gbin ewéko sí. Òrùlé ibi tí ẹ ń kó ọkọ́ àti àdá sí ti tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá torí pé bí òrùlé bá ṣe ga tó ni oyin tó ń débẹ̀ ṣe ń dín kù.

Òrùlé tí kò ní ewéko lè bọ́ oko lómi. Òjò mílímítà 1 lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà 1. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 6, lọ́jọ́ tí òjò mílímítà 20 bá rọ̀, yóò fún yín ní lítà 1,200. Ẹ yọ bí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan kúrò fún èyí tó ń ta dànù. Ẹ fi ìyẹn mọ bí táńkì yín yóò ṣe tóbi tó, kí ẹ sì fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀. Láti ìdí táńkì náà, ẹ jẹ́ kí omi máa kán sínú àwo pẹrẹsẹ tí òkúta wà nínú rẹ̀. Orí òkúta ni oyin ń dúró sí mumi. Bí omi bá jìn, á rì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Iná àti gíláàsì

Iṣẹ́ òru ni àfòpiná àti àdán ń ṣe. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 láti Switzerland fi hàn pé níbi tí wọ́n tan iná sí, ìbẹ̀wò àwọn kòkòrò òru sórí òdòdó fi ìdá 62 nínú 100 dín kù. Ewéko kan tí wọ́n ṣọ́ níbẹ̀ so èso tó fi ìdá 13 kéré, láìka àwọn kòkòrò ọ̀sán tó ń wá sí. Ìdí nìyẹn tí iná ìta fi gbọ́dọ̀ ní ìbòrí tí yóò darí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ yan gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ẹ yẹra fún èyí tó funfun dé àwọ̀ búlúù, kí ẹ sì lo irú èyí tó ń tàn kìkì nígbà tí èèyàn bá ń kọjá. Ẹ má tan iná kankan kọjú sí oko.

Fèrèsé gíláàsì ńlá tó kọjú sí ọgbà máa ń pa àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń mu oje òdòdó, torí igi tó hàn nínú gíláàsì ni wọ́n ń fò lọ bá. Ẹ fi àmì sí ìta gíláàsì náà, kí àlàfo àárín àmì kan àti èkejì má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ.

Bó bá sì jẹ́ ilé ọ̀rá ni ẹ fẹ́ gbin nǹkan sí, ẹ béèrè irú ọ̀rá tó jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Àwọn kan ń dí ìtànṣán ultraviolet, tí ojú èèyàn kì í rí, èyí tí oyin ń lò láti fi mọ̀nà. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀, oyin á kàn máa gbá ara ọ̀rá títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ bá fẹ́ sin oyin

Ẹ gbé àgọ́ oyin síbi tí ẹnu rẹ̀ kò ní kọjú sí ọ̀nà tàbí ilẹ̀kùn. Bí àyè kò bá tó, ẹ gbin igi ọgbà tó ga ní mítà 2 sí iwájú rẹ̀. Oyin á máa fò gba òkè kọjá, kò ní bá èèyàn pàdé. Káfíńtà tó bá ń kan àgọ́ gbọ́dọ̀ fi àlàfo mílímítà 6 sí 9 sílẹ̀ láàárín àwọn férémù, ìyẹn igi onígun mẹ́rin tí oyin ń mọ afárá sí. Lorenzo Langstroth, olùsìn oyin ará Amẹ́ríkà, ló fi àlàfo yìí ṣe ìpìlẹ̀ àgọ́ rẹ̀ tó gbàwé àṣẹ lé lórí lọ́dún 1852: tó bá kéré ju ìyẹn lọ, oyin á fi oje igi dí i, tó bá fẹ̀ jù, á mọ afárá sí i. Ẹ má sì kó àgọ́ rẹpẹtẹ jọ síbi tí òdòdó ò tó nǹkan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oyin inú àgọ́ kan ṣoṣo lè jẹ oúnjẹ mọ́ àwọn oyin adágbé lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ohun tí a gbìn àti ohun tí a fín

Ẹ padà sórí ìwé oṣù méjìlá. Ẹ wá ewéko ìbílẹ̀ tó ń tanná nínú oṣù tó ṣófo, kí ẹ gbìn ín ní ìṣùpọ̀ ìṣùpọ̀ sí etí ọ̀nà, ìdí ọgbà àti orí òrùlé, kí òdòdó lè so ilé mọ́ oko láìjá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi oògùn apakòkòrò tọ́jú àwọn irúgbìn tí ẹ rà, torí oògùn mìíràn ń gba inú gbòǹgbò dé inú oje òdòdó. Lọ́dún 2018, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de lílo mẹ́ta nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ níta gbangba: imidacloprid, clothianidin àti thiamethoxam. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fín ohunkóhun, ẹ má fín in nígbà tí irè ń tanná.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ìtọ́jú

Ẹ kọ iṣẹ́ yìí mọ́ ìwé ilé tí ayàwòrán yóò fi lé onílé lọ́wọ́, nítorí ẹni tó ń gbébẹ̀ lọ́dún kẹwàá lè má mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi òkìtì erùpẹ̀ sílẹ̀ láìgbin nǹkan sí i. Ọparun inú àpótí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, nígbà tí àwọn ọmọ ti fò jáde tán. Èyí tó bá ti bu tàbí tó tutù, ẹ sun ún. Koríko orí òkìtì, ẹ fọwọ́ tu ú, ẹ má fi ọkọ́ ro ó. Igi ọgbà, ẹ gé ìdajì lọ́dún yìí, kí ẹ fi ìdajì kejì di ọdún tó ń bọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn tí atẹ́gùn kò le, ẹ dúró ti òdòdó kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ ka iye ẹ̀dá tó bà lé e àti irú èyí tí wọ́n jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sí iwájú oṣù yẹn nínú ìwé kan náà. Oṣù tí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá òdòdó ló wọ́n, omi ló gbẹ, tàbí ẹnì kan ló fín oògùn nítòsí, kí ẹ sì mú iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ láti ibẹ̀.